Ìṣẹ́jú-Àáyá Márùn-ún Tó Kẹ́yìn

Ayọ́rìn ni wọ́n ń pe bàbá mi níbi iṣẹ́, ní ilé ìwádìí ojú ọ̀run. Bó bá dé ẹ̀yìn rẹ, o ò ní mọ̀ títí yóò fi sọ̀rọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú páìpù gígùn méjì tí ìtànṣán iná ń sáré lọ, sáré bọ̀ nínú wọn. Bí ìgbì láti ojú ọ̀run bá kọjá, á na ọ̀kan, á fún èkejì, díẹ̀ tí kò tó ìbú irun. Ìyẹn ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ lásán lè dà á rú, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré níbẹ̀, ẹni tó bá sì ṣèèṣì kan nǹkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá mi a máa kọ ikọ́ tó bá wú. Ká má purọ́, tirẹ̀ ti pọ̀jù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìgbì dé láti ara ìràwọ̀ méjì tó ti jó kú, tí wọ́n sì ti súnkì débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju ìlú kan lọ, bẹ́ẹ̀ ó wúwo ju oòrùn. Wọ́n ń pòyì ara wọn títí wọ́n fi forí sọra. Ìparí ìgbì náà ni ọ̀gá àgbà, obìnrin tí irun rẹ̀ funfun sídìí iṣẹ́ yìí, ti ń wá. Bí inú irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bá rọ̀, yóò fẹ̀ bí èkejì ṣe ń fà á, wọn á sì tètè kọlura. Bó bá le, wọn á pẹ́ díẹ̀ sí i. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè tọwọ́ bọ̀, ìgbì ló ń sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó kẹ́yìn rí játijàti. Ìwé kò sọ pé ẹnikẹ́ni kan nǹkan. Ni àwọn onímọ̀ bá ń yọ̀ pé inú ìràwọ̀ ló fọ́, wọ́n sì ti kọ ìròyìn tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ káyé gbọ́.

Èmi mọ òótọ́ rẹ̀. Èmi ni mo pe tẹlifóònù ọ́fíìsì wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti ilé ìwòsàn. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ o. Màámi ò mọ̀ wá mọ́." Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ páìpù kọjá, ó sì gbàgbé ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú Màámi ló padà síṣẹ́, tó gbọ́ nípa ayọ̀ wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lè lé e.

"Ọmọ mi," ló wí, "wọ́n á fi ẹsẹ̀ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ìràwọ̀ ni."

Inú bí mi sí i gan-an, mi ò ní parọ́.

Ó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ìràwọ̀. Èmi ni. Mo sáré lọ bá ìyàwó mi."

Obìnrin náà mú ìròyìn náà. Ó fà á ya. Ó wá bi í pé, "Ṣé ẹ bá wọn láyé?"

"Ìlẹ̀kùn kan ló kù kí n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀," ni bàbá mi wí.