Kókó Inú Ìyá Mọ́rúfù Tí Mo Lọ Sin

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tí mo ṣe, kẹ́ ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará Kuta kan, aládùúgbò àwa ará Ìwó, tí yóò fi iyọ̀ sí i.

Fìlà mi ló kọ́kọ́ bà mí nínú jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Omi gbígbóná ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, ó súnkì, ó wá jókòó sórí mi bí ọmọrí kékeré lórí ìkòkò ńlá. Bí mo ṣe wọ ọsibítù nìyẹn, tí mò ń fi ọwọ́ kan di fìlà mú!

Ìyàwó mi, Ìyá Mọ́rúfù, ni mo lọ wò. Odidi oṣù mẹ́jọ ni ikùn rẹ̀ fi ń ga. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, èmi náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Àṣé kókó ni! Nígbà tí dókítà òyìnbó là á, ó yọ nǹkan tó tó àgbọn kékeré jáde. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, pé ó lẹ̀ mọ́ ìfun, ó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, ojú lásán ò lè mọ ibi tó ti hù. Tó bá jẹ́ ara ilé ọmọ ni, òun á tún inú náà là, òun á sì yọ ilé ọmọ ọ̀hún kúrò.

Mọ́rúfù nìkan la bí. Ìyá ẹ̀ ò sì tíì lè dá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n la òun lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kò sí wàhálà. Èmi tí mi ò lágbára lórí fìlà!

Nọ́ọ̀sì wá gbé ìgò kan lé mi lọ́wọ́. Kókó náà wà nínú ẹ̀, nínú omi kan tó ń ta nímú bí ata. Ó ní kí n wọ lọ́rì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ẹran ara wò n'Íbàdàn. Wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, àwọ̀ tó bá gbà ni wọ́n á fi mọ ibi tó ti hù. Mo ní ó yé mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹni tó ka mẹ́wàá ṣe ń mirí.

Mo yà sílé kí n pààrọ̀ ẹ̀wù. Ibẹ̀ ni Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú ti rí ìgò lọ́wọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé.

“Ẹ̀yà ara Mùsùlùmí!” ni Ààfáà wí. “O wá kì í bọ ìgò, o fẹ́ máa gbé e wọ lọ́rì kiri? Ilẹ̀ ló ń lọ, ọmọ mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èékánná lásán, ṣebí a máa ń bò ó mọ́lẹ̀? Mo da omi òórùn yẹn nù, mo fi omi tó mọ́ wẹ kókó náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya jalábíà mi funfun, mo fi dì í. Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Ààfáà ṣe àdúà, èmi ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú mi. Mo gbà pé mo ti ṣe ojúṣe ọkọ.

Mo padà sí ọsibítù lọ jíṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ṣé mo ti dé Ìbàdàn ni. Mo ní rárá, a ti sin ín.

“Bàbá Mọ́rúfù, kí lẹ sin?”

“Kókó ni. A tilẹ̀ wẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ wẹ̀ ẹ́! Omi inú ìgò yẹn ni kì í jẹ́ kó rà!” Ó jókòó. “Tá ò bá wá mọ ibi tó ti hù ńkọ́? Dókítà á tún inú ìyàwó yín là ni o!”

Ó ti ìgò omi òórùn míì lé mi lọ́wọ́, mo sì fi eré sí i. Fìlà jábọ́ lójú ọ̀nà, mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Mo rò pé Ààfáà á bínú tí mo bá ní ká hú u. Òun ló kọ́kọ́ ká apá ẹ̀wù! Ó ní òun ò mọ̀ pé alààyè ṣì nílò ẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì òun, kí n gbé ọkọ́ wá kíá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò.

N'Íbàdàn, ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi rí erùpẹ̀ lára ẹ̀, ó bi mí bóyá ńṣe la gbìn ín. Ó gé èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ dànù, ó ní oògùn inú ìgò ti wọ àárín, àárín ò tíì bàjẹ́. Kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Mọ́rúfù. Kò bá mi jà. Ó kàn yíjú sí ògiri. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ọkùnrin náà ní kí n yọjú sínú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ojú tó yẹ kí n là ni mo dì! Nígbà tí mo máa rí i, búlúù ni, bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró. Ó ní ká ní iṣan ilé ọmọ ni, pupa ni ì bá gbà. Ara okùn tó so ìfun mọ́ inú ni búlúù yìí ti hù. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo tún ní kó tún un sọ.

Dókítà ò là á mọ́. Ó kàn ní kó máa wá kí òun máa fọwọ́ yẹ ikùn ẹ̀ wò, torí irú ẹ̀ lè tún hù.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ọ̀rọ̀ ò bá yé èèyàn, kó yáa béèrè, kó yéé mirí lásán. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ọkàn rere ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tirẹ̀ jẹ́? Ẹ sọ tiyín fún mi, kó má jẹ́ pé èmi nìkan ni òmùgọ̀ Ìwó.

Lọ́jọ́ tí mo mú Ìyá Mọ́rúfù wálé, ó ní kí n mú òun dé ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró, ó fara ti èjìká mi, ó wo ihò yẹn títí. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Bàbá Mọ́rúfù,” ló wí, “ọjọ́ tí mo bá kú lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì o.”