Apá Kẹta Ìwé Ìyá Tíṣà

"Ojo ni ọkùnrin yẹn," ìyàwó mi wí, ó sì ti búrẹ́dì rẹ̀ bọ inú tíì títí ó fi rọ̀.

Mo ní kì í ṣe ojo. Mo ní ọmọlúàbí ni, tó kàn máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi ṣíbí kan etí ife rẹ̀ bí ìgbà tí tíṣà bá ń pe kíláàsì sí àkíyèsí.

"Ìgbà tó ṣì wà nílé ìwé lẹ bá a pàdé, Bàbá Ìbejì. Ẹ dé ibi tí èmi ti bá a pàdé ná."

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, nílé wa ní Bódìjà. Ìdajì ìwé ìtàn kan wà níwájú mi lórí tábìlì, ìdajì kejì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí a ti máa ń kàwé nìyẹn láti ọdún tí a ti fẹ́ra. A ó fi ọ̀bẹ la ìwé láàárín, n ó mú apá ìbẹ̀rẹ̀, òun a mú apá ìparí, a ó sì máa jiyàn lórí rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀ títí a ó fi pààrọ̀. Ó ní ibi tí ayé bá ti le mọ́ àwọn ènìyàn lòun fẹ́ ti mọ̀ wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ó ń rẹ òun díẹ̀. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò sì jí mọ́. Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tí mo ti ka ìdajì tirẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ojo ni ọkùnrin náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo jókòó láti kọ. Ẹni tó kọ́ mi ní ìwé lílà ni mo ń rántí jù láti ìgbà náà, bàbá kan tó ń rán ìwé ní Dùgbẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ọ́fíìsì kan nítòsí ibẹ̀ ni màmá mi ti ń tẹ ìwé. Bí a bá ti jáde nílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí ni mo ti máa ń dúró dè wọ́n títí wọ́n fi máa ṣíwọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì tutù. Láfún ni wọ́n fi ń se gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò, òórùn rẹ̀ kíkan díẹ̀ díẹ̀ ló sì máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn àwọn ìwé fúnra wọn: ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rùn bíi káńfọ̀, Kùránì tí wọ́n kó wá láti Sábó máa ń ta sánsán tùràrí, ìwé ọ́fíìsì kò sì ní òórùn kankan àfi ti eruku. Bàbá á fi hámà kékeré lu ẹ̀yìn ìwé, kọ̀, kọ̀, kọ̀, wọ́n á fi òòlu lu ihò sí i, wọ́n á fi àbẹ́là pa òwú kó lè yọ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Òwú ti gé ọ̀nà sí wọn ní àtàǹpàkò. Bí mo bá béèrè bóyá ó ń dùn wọ́n, wọ́n á ní ọ̀nà òwú ni, òwú náà sì mọ̀ ọ́n.

Ìwé tó bá ti já kò ṣeé tún rán bí wọn kò bá kọ́kọ́ tú u ká. Ibẹ̀ ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá mú ìwé ìtàn wá, bàbá á tú u sí apá mẹ́rin, wọ́n á da ojú wọn délẹ̀ lórí tábìlì, àwa mẹ́rin á sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn fúnra wọn á mú apá kan. Àǹtí aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tiwọn á mú ọ̀kan. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ á mú ọ̀kan. Èmi ni ẹnì kẹrin. Apá tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lo máa kà, ìbáà jẹ́ àárín, ìbáà jẹ́ ìparí. Ní ọ̀sán Sátidé, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà, àǹtí á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, kálukú á sì sọ èrò rẹ̀ nípa àwọn tó bá pàdé.

Ariwo ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

"Olè ni," bọ̀ọ̀dá á wí. "Olè paraku!"

"Olè kẹ̀? Ọkùnrin tó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n sọdá odò?"

"Ẹ béèrè ohun tó ń sá fún, àǹtí. Ewúrẹ́ ló jí!"

"Irọ́ lẹ̀ ń pa. Lẹ́tà tí ẹ̀ ń kó kiri ti dà yín lórí rú."

Bàbá á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa bó ẹ̀pà. Tó bá yá, wọ́n á ní, "Ẹ rọra. Kò sí ẹni tó purọ́. Ibi tí kálukú ti pàdé rẹ̀ ló yàtọ̀."

Ní àkókò òjò ọdún kan, ìyá kan tó jẹ́ tíṣà mú ìwé ìtàn ńlá kan wá. Òun ló máa ń kó gbogbo ìwé orúkọ ilé ìwé wọn wá fún bàbá lọ́dọọdún, iṣẹ́ yẹn ló sì tóbi jù nínú ọdún wọn. Ó ní òun ń bọ̀ wá gba ìwé ìtàn náà lọ́jọ́ Ajé. Kò mọ̀ pé a máa ń kà wọ́n. Ìtàn ọmọbìnrin kan tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń tọ́ ni. Apá kẹta bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo sì kà á tán ní ọjọ́ mẹ́ta torí pé mo kórìíra ìyàwó bàbá náà débi pé n kò lè gbé e sílẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, mo ń bọ̀ láti ilé ìwé, apá kẹta wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì mi, òjò sì dé. Ibi ààbò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń ju igi sínú omi gọ́tà, wọ́n ń wò ó bóyá ti ta ló máa kọ́kọ́ dé orí afárá. Mo dá sí i. Igi mi ló borí. Ìgbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí mo fa ìwé yọ, ó ti dà bí ẹ̀kọ tó ti domi.

Bàbá wò ó. Wọn kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

"Ta ló ti kà á yàtọ̀ sí ọ?"

"Kò sí, sà."

Àǹtí ti sáré wá láti ìdí maṣín-ìnnì rẹ̀. "Bàbá, ẹ sọ fún ìyá tíṣà pé eku ló jẹ ẹ́."

"Eku wo? Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ sókè ilẹ̀kùn, kì í ṣe ti eku." Wọ́n gé bébà tó mọ́ ní ìwọ̀n ìwé náà, wọ́n kó o síwájú mi, wọ́n sì fún mi ní bírò. "Jókòó. Kọ ohun tí o kà."

Mo kọ ọ́ ní ọjọ́bọ̀, mo kọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìka mi wú. Bọ̀ọ̀dá, tó ní apá kejì, á ti ibi iṣẹ́ yà wá béèrè bóyá mo ti gbé ọmọbìnrin náà kúrò lórí igi tí òun fi í sí. Àǹtí, tó ní apá kẹrin, á na ọrùn láti ojú fèrèsé: "Àpá wà lápá rẹ̀ níbi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ o. Wá àpá yẹn fún mi!"

Mo wá a. Ní ọjọ́ Sátidé, mo ka iṣẹ́ mi sókè fún wọn lórí bẹ́ǹṣì. Mo ka bí ìyàwó bàbá ṣe gbé omi gbígbóná, tó wo ọmọ náà lójú, tó rẹ́rìn-ín, tó sì dà á sí i lápá.

Àǹtí mirí. "Rárá o. Obìnrin yìí kọ́ ló wà lọ́dọ̀ tèmi. Èyí tó wà lọ́dọ̀ tèmi ta gbogbo aṣọ ara rẹ̀ kó fi lè gbé ọmọ yẹn lọ sí ọsibítù."

Bàbá fi ẹ̀pà sílẹ̀. "Ṣé bí wọ́n ti kọ ọ́ nìyí? Ó mọ̀ọ́mọ̀ dà á?"

N kò lè wo ojú wọn. "Wọ́n ní ìkòkò ló yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Mo kórìíra rẹ̀, sà."

Mo rò pé wọ́n á lé mi lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n fà mí mọ́ra díẹ̀.

"O lè kórìíra rẹ̀. Jókòó síbí kí o sọ ọ́, a ó gbọ́ ọ, bóyá a tiẹ̀ máa bá ọ kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ka ìwé yẹn lọ́la ní ẹ̀tọ́ láti rí i kó tó gbọ́ tìrẹ. Lọ tún un kọ."

Mo tún ojú ewé mẹ́rin kọ. Ó nira ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ìkòkò tó lè yẹ̀, mo ní láti kọ ọwọ́ obìnrin náà, bó ti rẹ̀ ẹ́, bó ti jẹ́ pé òun nìkan ló wà nílé ìdáná láti ìdájí. Ìgbà tí mo fi máa parí, ìkórìíra mi kò le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì dùn mí díẹ̀ pé ó lọ.

Bàbá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìyá tíṣà dé ní ọ̀sán. Kó tó béèrè ohunkóhun ni wọ́n ti sọ fún un: "A ka ìwé yín, mà. Ọmọ yìí sọ apá kẹta di òfò nínú òjò. Òun ló tún un kọ. Ohun tí ẹ bá sọ ni."

"Ẹ ka ìwé mi?"

"A kà á, mà. A máa ń kà wọ́n."

Ó ṣí apá kẹta, ó sì ń kà á lóòró. Rélùwéè fun fèrè, a gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà. Ó ń kà á lọ. Lẹ́yìn náà ó bojú wò mí.

"Ibi tí ìkòkò ti yẹ̀ yìí. Kì í ṣe bí wọ́n ti kọ ọ́ nìyí."

Mo sún sẹ́yìn bàbá.

"Ṣùgbọ́n bó ti ṣẹlẹ̀ nìyí," ó wí. Ó yíjú sí bàbá. "Ẹ̀ bá ti béèrè lọ́wọ́ mi kí ẹ tó kà á o. Kò dáa." Ó pa ìwé dé. "Kí ni ẹ̀yin gan-an rò nípa obìnrin náà?"

Bàbá sún lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá tíṣà jókòó tì wọ́n, kò lọ títí oòrùn fi wọ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó mú ìwé ìtàn mìíràn wá, tuntun, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igi. Bàbá yí i po, wọ́n ń wá ibi tó já.

"Kò já," ó wí. "Ẹ tú u."

Bàbá ti kú kí n tó parí ilé ìwé gíga. Fóònù ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. N kò mọ ìwé rán dáadáa títí di òní. Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ ni pé ibi kan ṣoṣo ni ojú mi ti ń wo ẹnikẹ́ni, àti pé ẹlòmíràn wà tó ka ibi tí n kò kà.

Mo tún rí i nígbà tí àwọn ènìyàn ń wá kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ lọ́mọdé? Títí ó fi pé ọmọ ọdún márùn-ún, a rò pé odi ni." Mo bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Obìnrin tó bá mi jiyàn fún ogójì ọdún! Apá kìíní rẹ̀ nìyẹn, n kò sì kà á rí.

Àwọn ọmọ wa ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n kọ ọ́ pé ìyá àwọn kò bínú rí, pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí.

"Ta nìyí?" mo béèrè.

"Dádì, bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́ nìyẹn."

Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. N kò kọ ohunkóhun jáde nílé yẹn rí tí ìyàwó mi kò kọ́kọ́ fi bírò pupa wò. Mo jókòó, mo kọ ọ̀kan. Nígbà tí mo kà á, àbùkù kankan kò sí lára rẹ̀, kò sì jọ ọ́. Ìkórìíra ni mo fi ba obìnrin inú ìwé yẹn jẹ́ lọ́mọdé. Ìfẹ́ ni mo fẹ́ fi ba ìyàwó mi jẹ́. Mo fà á ya, mo tún un kọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Àgbọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ dúró ní àárín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí pé màmá máa ń jà, pé wọn kì í gbà bí ọ̀rọ̀ bá dá wọn lójú. Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Má yọ ọ́, ọmọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó jọ pé màmá le o."

"Wọ́n le gan-an ni."

Ó tẹ ọ̀kan jáde kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kà á ní ìdúró, láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ọ̀rọ̀ kan tó fò. Mo yá bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ ọ́ sí àyè rẹ̀, mo sì ní kó tẹ ìyókù.