Ìka Kọkànlá

Ọ̀rọ̀ kan wà tó sú mi ju gbogbo ọ̀rọ̀ ayé yìí lọ: "A kì í bí irú èyí nílé wa." Ìyá ọkọ mi tó wá ń bá mi wẹ ọmọ ló ń sọ ọ́. Á sọ ọ́ láàárọ̀, á sọ ọ́ lọ́sàn-án, á tún fi kún àdúrà alẹ́. Ohun tó fà á kò ju ìka kékeré kan lọ. Ọwọ́ òsì ọmọbìnrin tí mo bí ní ìka mẹ́fà: ẹ̀kẹfà ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, kò léegun, ó sì ní èékánná tirẹ̀.

Yàrá méjì là ń gbé ní Àmùkòkò, kò síbi tí èèyàn lè sá sí fún ọ̀rọ̀. Bí àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní Warehouse Road bá pè mí láti kí mi kú ewu ọmọ, ìyá ọkọ mi á gbóhùn sókè lẹ́yìn mi: "Ẹ bá mi bi í o, ta ló nìka mẹ́fà nílé bàbá ẹ̀?"

Bàbá mi ní mẹ́wàá, ìyá mi ní mẹ́wàá. Mo tiẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí wọ́n ka ìka wọn fún mi lórí fóònù. Wọ́n bú mi.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ mi ń bọ̀, mo sì mọ ohun tí "a kì í bí irú èyí nílé wa" túmọ̀ sí lẹ́nu ìyá ọkọ níwájú mọ̀lẹ́bí: kí n lọ wá bàbá ọmọ mi lọ ni. Ọkọ mi ńkọ́? "Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ló ń wí, bí ẹni tó ń bẹ ewúrẹ́ kó má jẹ ẹ̀fọ́.

Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní Ajégúnlẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa: "Madam, abeg, make nobody tie thread for this finger o. Bring am come make doctor see am." Òwú ni àwọn àgbà máa ń so mọ́ irú ìka bẹ́ẹ̀ kó lè gbẹ, kó já. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a sọmọ lórúkọ, mo jáde láti balùwẹ̀, mo bá ìyá ọkọ mi tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, òwú dúdú lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fa ìka kẹfà náà sókè, ó ti fi òwú yí i lẹ́ẹ̀kan. Kò wá ibi tó máa so ó rárá. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ onídìrí.

Mo já ọmọ mi gbà. "Mọ́mì, ta lẹ ti so ó fún rí?"

"Ta ni mo so kí ni fún?"

"Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n!"

Mo yíjú sí ọkọ mi tó sáré wọlé nígbà tó gbọ́ ariwo, mo gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín rẹ̀, kókó kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ẹ̀fọn ló jẹ òun níbẹ̀ ní kékeré, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ̀fọn wo ló ń jẹni tí kókó ẹ̀ kì í lọ? Òun náà wá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé àyálò ni. "Mọ́mì?"

Orí mi hó. Wọ́n so ìka, wọ́n rò pé àwọn ti so ẹ̀jẹ̀! Àwọn baba ńlá wa kọlà sójú láti ìran dé ìran, síbẹ̀ ọmọ olójú dídán ni wọ́n ń bí. Ohun tí a fi abẹ tàbí òwú ṣe sára kì í dénú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni bàbá àti ìyá ń fún ọmọ: èjí, etí fífẹ̀, àwọ̀ tó pọ́n díẹ̀ ju ti ìyá lọ, ìka tó lé. Irú nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ojú wa rí bákan náà, òun ló sì ń yí ìran padà díẹ̀díẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdílé tó bá ń fi òwú bò ó mọ́lẹ̀ yóò kàn máa bú ìyàwó ní ìran kọ̀ọ̀kan ni.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ síta. Mo ní tó bá dọ̀la, màá na ọwọ́ ọkọ mi sókè kí gbogbo mọ̀lẹ́bí rí i.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi na ọwọ́ òsì tirẹ̀ sí mi. Kókó náà wà níbẹ̀, ó ti le, ó ti dúdú.

"Ìyá mi ló so ó fún mi," ó ní. "Bàbá yín ò mọ̀ títí wọ́n fi kú. Ìyàwó, àwọn tó ń bọ̀ lọ́la yẹn, ilé ọkọ mi ni wọ́n. Kí ni wọ́n máa pè mí?"

Gbogbo "nílé wa" tó ń pariwo rẹ̀ látọjọ́ yìí, ìyàwó ilé bíi tèmi ló ń sọ ọ́, tí ẹ̀rù sì ń bà. Inú ṣì ń bí mi. Mo tú òwú náà kúrò lọ́wọ́ ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá ọkọ mi gba ọmọ, wọ́n ṣí aṣọ rẹ̀, wọ́n rí ọwọ́. "Kí lèyí? Níbo lèyí ti wá?" Mo lanu láti sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọkọ mi ti wà nínú tèmi.

Ìyá ọkọ mi ti dìde. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Ọ̀dọ̀ mi ni," ó ní.