Ọ̀já Tí Mo Fi So Ọmọ Mi Létí Òkun

Ọjọ́ tí omi òkun wọ́ mi lọ ní Àgbádárìgì kò lè kúrò lọ́kàn mi.

Èmi, ọkọ mi àti Tóbi, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́sàn-án, kúrò ní Sùúrùlérè lọ lo ìsinmi nínú ilé kan tí a yá létí òkun. Lójú ọ̀nà, a yà wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan. Mo ní ìsàlẹ̀ ni kí a ti wò ó, torí àtẹ̀gùn tó bá ti gbó, ó ti gbó náà ni. Nígbà tí a dé etí òkun, mo bi ẹlẹ́ṣin kan tó ń gbé èèyàn kiri bóyá ẹṣin rẹ̀ ti ta ẹnikẹ́ni nípàá rí.

Ọkùnrin náà ní, “Mọ́mì, kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí.”

A kò gùn ún.

Tóbi fẹ́ wọ omi. Mo bá fi ọ̀já tí mo fi ń pọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ so ìbàdí rẹ̀ mọ́ tèmi, mo ta kókó mẹ́ta.

Ọkọ mi ní, “Ìyá Tóbi, ṣé ewúrẹ́ ni?”

Èmi àti Tóbi wọ inú omi. Ìgbì kan dé, ó gbé mi ṣubú, omi sì ń wọ́ mi lọ. Ọ̀já náà kò já, ó ń fa ọmọ mi tẹ̀lé mi. Mo ń gbọ́ igbe rẹ̀, n kò sì lè tú kókó tí mo fọwọ́ ara mi ta. Ọkọ mi ló sáré di ọ̀já mú, tó wọ́ àwa méjèèjì jáde bí ẹja inú àwọ̀n.

Tóbi tu omi iyọ̀ dànù. “Mọ́mì, ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká so mọ́ igi àgbọn.”

N kò bá a wí. Mo tú kókó náà, mo ní kí ó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ padà sínú omi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹ́ kí ó lọ síbi tí ọwọ́ mi kò tó, mo sì di ọ̀já náà mú lọ́wọ́ títí wọ́n fi jáde.