Ìdáhùn Mi Kò Yẹ̀

Mo rántí ìró ẹ̀gúsí tí ìyá ọkọ mi ń bó, pá, pá, lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì kan wọ agboolé wa ní Ìwó pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ọmọ mi ò ju oṣù mẹ́rin lọ. Bàbá ẹ̀ ti lọ wáṣẹ́ ní Kútọnu, kò sì pè. Àwọn ará ilé ní èmi ni mo lé e lọ. Bí mo bá kí wọn, ògiri ló ń dá mi lóhùn.

Ìwé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà ń wádìí bí èèyàn ṣe ń bá àwọn tó yí i ká gbé. Ó ní òun á bi mí ní ogún ìbéèrè, òun á tún padà wá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí olùkọ́ òun lè mọ̀ bóyá ìwé náà ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. "Bí òṣùwọ̀n ni, àǹtí. Ìrẹsì kan náà, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kò yẹ kó rí bákan náà?" Ó ní ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi hàn pé ayé ti sú u, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ń fetí sí ẹ̀dùn ọkàn èèyàn. Òùngbẹ nọ́ọ̀sì yẹn gbẹ mí.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í dá gba àlejò. Ìyá fa àpótí ìjókòó wọn sún mọ́ wa.

"Ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ lè finú hàn nínú ilé yìí?"

Pá, ẹ̀gúsí dún. "Mo ní. Ìyá rèé."

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ nǹkan!" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Kọ ọ́ dáadáa, ọmọ yunifásítì, kí wọ́n má baà ní mò ń fìyà jẹ ìyàwó."

Bí mo ṣe dáhùn gbogbo ẹ̀ nìyẹn: dáadáa, dáadáa. Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó pé ìkòkò ilé ọkọ, ìyàwó ni ọmọrí ẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń dùn mí jù. Ìyá ti lọ ná ọjà Olúpọ̀nnà. Àwa méjì péré ni, àti ọmọ lẹ́yìn mi. Mo lè sọ òótọ́. Àmọ́ èmi oníwèé mẹ́wàá, ìdánwò ni mo ka nǹkan náà sí. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka ìdáhùn mi sórí bí mo bá ń wẹ ọmọ. Mo rò pé bí mo bá yí ohùn padà, mo ti ba ìwé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nìyẹn, mo sì ti di òpùrọ́.

"Ṣé ẹ ní ẹni tẹ́ ẹ lè finú hàn?" Omi lé ròrò sí mi lójú.

"Mo ní. Ìyá ni."

Ó tẹ́ ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Àǹtí, ẹ gbayì o! Kò yẹ̀ rárá!" Ẹ gbà mí, inú mi dùn bí ẹni gba ipò kìíní. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ gbé e lọ tán ni mo tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Obìnrin aláṣọ òdìkejì ọ̀nà, tí ó bi ní ìbéèrè kan náà, sọ òmíràn nígbà kejì, ó bú sẹ́kún. A fi í rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Bàbá ẹ̀ ò tíì pè. Òṣùwọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ò bà jẹ́. Èmi ni mo gbé òkúta kan náà lé e lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Tèmi ti kọjá ẹ̀rín.

Lánàá, ọmọ fọwọ́ kàn mí lójú. "Màámi, ṣé ẹ̀ ń sunkún ni?"

"Rárá o. Èéfín ni."

Ó lọ ṣeré, ó tún padà wá bi mí.

"Rárá o. Èéfín ni."

A ò tíì dáná.