Mósà Dúdú Tí Bàbá Wa Mú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ mósà kan fún yín. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, àyà mi ṣì ń já.

Fíìmù kan wà tí èmi àti àbúrò mi, Múínátù, ti wò títí a fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Nínú rẹ̀, ìyálé kan gbé ìpápánu síwájú àlejò. Gbogbo rẹ̀ pupa, ẹyọ kan ló dúdú. Ẹni tó bá mú dúdú, kì í rí òwúrọ̀. Fíìmù ṣá ni! Ta ni fíìmù ń pa?

Nígbà tí Múínátù fẹ́ ṣe bọ́ọ̀dé nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo ní èmi ni màá ṣe small chops, ìpápánu àwọn àlejò. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ dáadáa ní Apọ́ngbọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́, mo pò ó mọ́ fúláwà àti yíìsì, mo dín in ní mósà. Mo wá bu díẹ̀ sọ́tọ̀, mo da kọ́lọ̀ dúdú, àwọ̀ tí àwọn oníkéèkì ń lò, sí i, mo dín ẹyọ kan péré. Màmá wa wọlé, wọ́n bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní eré ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n jáde.

Àwọn tí Múínátù ń bá ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Igbosere ló pọ̀ jù nínú àlejò. Wọ́n mọ fíìmù náà. Bí mo ṣe gbé tíréè jáde, ẹ̀rín sọ, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan dúdú. Ibẹ̀ la wà tí Bàbá wa ti mọ́ṣáláṣí dé. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti nawọ́ mú un.

Gbogbo ojú yí sí wọn.

Bàbá bèèrè ohun tó dé. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò dénú. Bàbá gbé e sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ó dùn, wọ́n sì jókòó. Fàájì ń lọ.

Màmá wa ti gbọ́ àlàyé yẹn. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n kàn gbé àga síwájú Bàbá, wọ́n ń wojú wọn. Èmi náà wá ń wò. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé òógùn ti bo Bàbá lábẹ́ fáànù, wọ́n sì ń fọwọ́ ọ̀tún ra apá òsì. Màmá bi wọ́n pé ṣé kò sí nǹkan. Bàbá ní ooru ni. Màmá ní kí wọ́n dìde dúró. Bàbá ò lè dìde.

"Àtàárọ̀ ni àyà ti ń fún mi," ni Bàbá sọ jẹ́jẹ́. "Mi ò fẹ́ ba ọjọ́ ọmọ mi jẹ́."

Ṣé ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Pé mo ti pa bàbá mi!

Mọ́tò ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà yẹn la fi sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọkàn wọn ni. Ó ní ká ní a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ sùn ni, ẹjọ́ mìíràn là bá máa rò.

Ara Bàbá ti ń yá, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ṣùgbọ́n ilé ti pín sí méjì. Àǹtí Sìkírá, àbúrò Bàbá, ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Wọ́n ní èmi ni mo ránṣẹ́ sí ikú. Múínátù ní tí kì í bá ṣe mósà yẹn, kò sẹ́ni tí ì bá wojú Bàbá rárá. Mo bá lọ bá Màmá wa pé kí wọ́n dá ẹjọ́ náà.

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ lo pe ikú, àbí ìwọ lo lé e. Má ṣe irú rẹ̀ mọ́ nínú ilé mi."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí mú ni pé, àgbà tó bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tó kù, mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òótọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ rí? Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa sọ fún mi pé kì í ṣe èmi.