Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Há Sáàárín Èpò Omi

Ní ìgbà èwe mi, orí òpó igi ni ilé-ìwé wa dúró sí lójú omi, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ode Ugbo. Bí omi bá kún, a máa ń gbọ́ ọ tó ń lu pákó kíláàsì wa lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé lórí ilẹ̀ gbígbẹ lónìí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan fún yín.

Tíṣà wa kì í ṣe ọmọ omi. Òkè ni wọ́n ti gbé e wá, bó bá sì ti wọ ọkọ̀ àjẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ló máa fi di etí ọkọ̀ mú títí a ó fi gúnlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ka ìtàn kan sí wa létí, ti obìnrin kan tó sá fún òjò wọ inú ihò àpáta, tí òkúta ńlá sì yí dí ẹnu ihò náà mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó rí ihò àpáta rí nínú wa. Ẹrẹ̀ àti omi la mọ̀. Tíṣà ní ká ṣe bí ẹni pé yàrá kan ni, tó jẹ́ kìkì òkúta, tí kò ní fèrèsé. Ó wá bi wá bóyá obìnrin náà ṣì wà láàyè.

Mo nawọ́, mo ní ó ti kú.

"Ibo lo ti rí i nínú ohun tí mo kà?"

Ó ní ìwé kì í là gbogbo nǹkan sílẹ̀ fúnni, pé ká máa wo ohun tó wà níbẹ̀ ká lè mọ èyí tí wọn ò sọ. Ó tún ibì kan kà: eruku ń dà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkúta náà. "Kí ló ń mú kí eruku dà?" Kó tó di pé ẹnì kan dáhùn, agogo lù.

Ìyá mi ti wa ọkọ̀ lọ sọ́jà lápá Etikan láàárọ̀ yẹn, òun nìkan, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ. Tí oòrùn bá ti kọjá àtàrí, ó yẹ kó ti dé. Mo délé, mi ò bá a. Mo jókòó sí èbúté, mo ń wo ọ̀nà omi. Gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ lókèèrè, màá dìde wò ó. Bó bá sún mọ́ tòsí, tí mo rí i pé kì í ṣe òun, màá tún jókòó.

Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n ojú mi ń ríran. Bàbá mi gbé àjẹ̀ rẹ̀, ó bá àwọn ọkùnrin mìíràn lọ láìwo ẹ̀yìn. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná bẹ́ẹ̀ ni ọbẹ̀ ò tíì jinná. Obìnrin ilé kejì wá mú àbúrò mi lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà padà, apẹ̀rẹ̀ ìyá mi ló wà lọ́wọ́ wọn, ó ṣófo, gèlè tó wé jáde láàárọ̀ sì wà lára apẹ̀rẹ̀ náà. Wọ́n ní ṣe ló ń léfòó bọ̀. Bàbá mi jókòó sórí pákó, ó forí sáàárín orúnkún. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún.

Tíṣà ti gbọ́, ó ní kí wọ́n wa òun wá. Kò tilẹ̀ di etí ọkọ̀ mú lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Gèlè Ìye mi ni, sà."

"Báwo ló ṣe dé ara apẹ̀rẹ̀?"

Mo wò ó. Kì í ṣe pé ó kọ́ sí i lásán. Wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ apẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n sì ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Wọ́n so ó ni, sà."

Ìyá àgbà já apẹ̀rẹ̀ náà gbà, ó fọwọ́ tẹ kókó náà wò. Ó pariwo mọ́ bàbá mi, "Dìde! Ìyàwó rẹ ló so èyí! Ibo ni omi ń fà sí nígbà tẹ́ ẹ rí i?"

Bàbá mi ní ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Òkè odò ló ti wá nìyẹn, níbi tí wọn ò tíì wá a dé nítorí pé èpò orí omi ti bo ibẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà wà nínú ọ̀kan.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí wọ́n fi gbé ìyá mi dé. Atẹ́gùn ló ti èpò náà dé, ó há a mọ́ níwájú àti lẹ́yìn, àjẹ̀ ò wọlé, ẹsẹ̀ ò sì lè tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà ń jò. Abọ́ kan ló fi ń gbọ́n omi, tó tún ń lù, tó ń ké títí ohùn fi pin lọ́fun rẹ̀. Ìgbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó gbọ́, ló da ẹja tó kù sínú ọkọ̀, ó so gèlè mọ́ apẹ̀rẹ̀, ó sì jù ú síbi tí omi ti ń ṣàn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó di mí mú.

Òkun ti gba ibi tí ilé-ìwé wa wà báyìí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni ọmọbìnrin mi fi ń lọ sọ́jà, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá pẹ́ tí mo pè é tí kò wọlé, àwọn ọmọ-ọmọ mi á ní, "Màmá àgbà, kò sí nẹ́tíwọ̀kì ni," wọ́n á sì máa bá oúnjẹ wọn lọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, bí ènìyàn kan bá pẹ́ lójú omi, gbogbo abúlé ló ń fi oúnjẹ sílẹ̀.